Ta Ló Máa Sanwó Aṣọ Tó Bàjẹ́? Bí Bàbá, Ọmọ àti Ọmọ-Ọmọ Ṣe Ń Kọ́ṣẹ́ l'Ábújá

Téèyàn bá ya Mechanic Village tó wà ní Apo l'Ábújá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní pẹ́ tó máa fi rí ìran mẹ́ta nídìí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá àgbà kan á jókòó sórí táyà àlòkù, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn ń fetí sí ẹ́ńjìnì. Ẹnì kan tó ti lé lógójì ọdún á ti mú bírò, ó ń kọ àwọn pátì tí wọ́n máa rà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan á na fóònù síwájú, ó ń wo fídíò ibi tí wọ́n ti ń tú irú ọkọ̀ yẹn gan-an nílùú míì. Bàbá á ní àwọn ọmọ yìí ò ní sùúrù. Ọmọ á ní bàbá ò fẹ́ mọ nǹkan tuntun. Ẹjọ́ yẹn ò lè parí, torí pé àwọn méjèèjì ò béèrè ohun tó gbé gbogbo ẹ̀ ró: bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá ba nǹkan jẹ́, ta ló máa sanwó ẹ̀?

Àwọn òyìnbó ti fún ìran kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Baby Boomers ni àwọn tí wọ́n bí láàárín 1946 sí 1964, Gen X ló tẹ̀ lé wọn, Millennials láti 1981 dé 1996, Gen Z bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997. Ìtàn Amẹ́ríkà ni wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀ o, ogun parí, àwọn sójà délé, ọmọ wá pọ̀. Tiwa yàtọ̀. L'Ábújá níbí, ọjọ́ méjì ló pín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ níyà: 12 Oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò l'Ékòó wá síbí, àti 2001 tí fóònù GSM dé. Ẹni tó ti gba fírídọ̀mù kó tó di 2001, ojú àti etí ló fi kọ́ṣẹ́, kò sí ibòmíì tó lè yíjú sí. Kì í ṣe pé orí wọn yàtọ̀ o: ọ̀rọ̀ pé olúkúlùkù ló ní ọ̀nà tí orí ẹ̀ fi ń gba ẹ̀kọ́, pé onítọ̀hún ojú ni, onítọ̀hún etí ni, àwọn onímọ̀ mẹ́rin kan l'Amẹ́ríkà jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dún 2008, wọn ò rí ẹ̀rí gidi tó lè gbé e dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ télọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà náà làwọn èèyàn wa ṣe gbé e dé òkè Ọya, ní Jos, ní Kàdúná, ní Sabon Gari ní Kánò. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i, wọ́n á dá ọdún méjì àbí mẹ́ta. Níbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá ni, lọ ra òwú wá ni, lọ fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú ni. Tó bá yá, wọ́n á ní kó máa tú aṣọ tí wọ́n rán wọ́. Lẹ́yìn náà, kó gán bọ́tìnì, kó ká etí aṣọ. Wọ́n á wá jẹ́ kó jókòó sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n kò ní sí òwú nínú ẹ̀, orí pépà ló máa wà á sí, ìlà gbọọrọ lọ, ìlà gbọọrọ bọ̀. Àlùmọ́gàjí ló máa ń gbẹ̀yìn, àní ẹlòmíì á lo ọdún kan ààbọ̀ kó tó gé aṣọ oníbàárà.

Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú ni, àwọn ọ̀gá kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ yẹn. Ìgbálẹ̀ ò lè ba nǹkan kan jẹ́. Bọ́tìnì tó wọ́, èèyàn á já a kó tún un gán. Ìlà tó wọ́, wọ́n á tú u, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló bá a lọ. Léèsì ìgbéyàwó tí oníbàárà gbé wá, tí wọ́n bá ti gé ọrùn ẹ̀ já sí àyà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, ọ̀gá ló máa wá irú ẹ̀ rà, tó bá sì jẹ́ aṣọ ẹbí tí ò sí lọ́jà mọ́ ńkọ́? Iye tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan máa ná ọ̀gá ni wọ́n fi to ẹ̀kọ́ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá fúnra ẹ̀ lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Títú aṣọ gan-an, ẹ̀kọ́ ńlá ni, torí ẹni tó bá ti tú ogún búláùsì ti mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu ṣàlàyé fún un.

Àbújá ló wá da ètò yẹn rú. Láyé àtijọ́ ọmọṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, àsìkò pọ̀, aago méje àárọ̀ ó ti wà níbẹ̀. Báyìí ọ̀gá fúnra ẹ̀ ń gbé yàrá kan ní Mararaba, ọmọṣẹ́ ń bọ̀ láti Nyanya àbí Kubwa, ọkọ̀ ti há sójú ọ̀nà, aago mẹ́wàá ló wọlé, owó ọkọ̀ sì ti ju owó oúnjẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù ní Wuse tàbí Garki, owó ilé yẹn ò jẹ́ kí ọ̀gá fẹ́ ẹni tó máa jókòó fún ọdún mẹ́ta láìmówó wọlé. Nítorí náà wọ́n yí i padà: ọmọ á san owó ìkọ́ṣẹ́, oṣù mẹ́fà àbí ọdún kan, ó parí. Ẹni tó ti sanwó ò sì ní gbálẹ̀ títí, ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti ń béèrè àlùmọ́gàjí, kì í sì í ṣe àfojúdi, ó ti rà á ni.

Àwọn ìran àárín, ìwé ni wọ́n gbà gbọ́. Lásìkò tiwọn ìjọba ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: wọ́n dá ITF (Industrial Training Fund), àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀ lọ́dún 1971, Jos ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà dòní, lọ́dún 1973 wọ́n bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní IT, oṣù mẹ́rin fún ọmọ poly, oṣù mẹ́fà fún ọmọ yunifásítì. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF. Lórí pépà, gbogbo wa la jọ ń sanwó àṣìṣe nìyẹn. Nígbà tí ọmọ IT bá wá dé ibiṣẹ́, ẹni tó ni máṣíìnì olówó ńlá ò ní gbà kó fọwọ́ kàn án, torí ITF kọ́ ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Bí ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ṣe ń di ẹni tó ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún gbogbo ọ́fíìsì nìyẹn, tí lọ́gíbúùkù ẹ̀ á sì kún dẹ́nu. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń lọ wọ́kíṣọ́ọ̀pù ní òtẹ́ẹ̀lì, tíì àti mítípáì wà ńbẹ̀, sátífíkéètì wà ńbẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó mọ̀ pé ọgọ́ta ọdún àbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ni òun máa rẹ̀tíáyà, ó mọ ìdí tí òun ò fi fẹ́ fi orí wọ́lẹ̀ kọ́ sọ́fítíwíà tuntun.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí wá ńkọ́? Fídíò. Ohun tí fídíò fi dáa ju ọ̀gá lọ ni pé èèyàn lè dá a padà ní ìgbà ogún, kò ní pariwo mọ́ni, kò ní sọ pé "ṣebí mo ti sọ fún ẹ lánàá". Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, tí wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn làwọn fẹ́ kọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ gan-an nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò ò lè rí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó. Kò lè sọ pé "o ti tẹ̀ ẹ́ jù". Ọmọ náà nìkan ló máa sanwó gbogbo nǹkan tó bá bàjẹ́, àti dátà lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ fóònù títún ṣe ní Banex, ọjà fóònù l'Ábújá, fi máa ń kọ́kọ́ wá bọ́ọ̀dù tó ti kú rà, owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á máa jó o, wọ́n á máa yọ pátì kúrò lára ẹ̀, wọ́n á máa dá a padà, títí ọwọ́ á fi rọ̀. Ìgbálẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ẹni tó ń kọ́ kóòdù ló wá rí i he jù, torí tí kóòdù bá bàjẹ́, èèyàn á pa á rẹ́ kó tún un kọ, kò ná a ní nǹkan kan ju àkókò lọ, abájọ tí fídíò fi bá iṣẹ́ yẹn mu ju iṣẹ́ káfíńtà lọ.

Ká padà sí Apo. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojúhò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní OBD-II, irú àwọn ọkọ̀ yẹn ló sì ń bọ̀ níbí ní tòkunbọ̀. Ọmọ yẹn á ki sikáánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀, bọ̀ ọ́, sikáánà á sọ pé P0300. Ó túmọ̀ sí pé iná ò ran dáadáa nínú sìlíńdà, kò sì sọ èyí tó jẹ́. Pílọ́ọ̀gì lè ni, kọ́ìlì lè ni, ínjẹ́kítọ̀ lè ni, epo tó ní omi nínú lè ni. Ẹni tó bá gbára lé sikáánà nìkan á ra gbogbo ẹ̀, oníbàárà á sanwó, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Ibẹ̀ ni bàbá tó wà lórí táyà máa ti dìde. Á ní kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnì, kí wọ́n máa yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì máa dá a padà. Èyí tí wọ́n bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnì ò yí padà, òun ló ti kú tẹ́lẹ̀. Bàbá ò mọ ohun tó ń jẹ́ P0300, ọmọ ò sì mọ̀ pé èèyàn lè fi etí wá a, ẹni tó ń kọ bírò lọ́wọ́ ò ní lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin mọ́.

Ní Panteka, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kàdúná, èdè tún wà lórí ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá wọ iṣẹ́ níbẹ̀ máa kọ́ Haúsá pẹ̀lú sípánà lẹ́ẹ̀kan náà, "kawo sha huɗu", ó ti mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rìnlá ni wọ́n fẹ́. Fídíò kankan ò lè kọ́ ọ níyẹn.

Àwọn télọ̀ kan l'Ábújá ti wá rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ tiwọn. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àlòkù ni wọ́n ń rà lọ́pọ̀. Ọmọ tó ti sanwó á gba àlùmọ́gàjí láti oṣù àkọ́kọ́, á gbé fóònù ti máṣíìnì, á dá fídíò dúró gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ gé ọrùn aṣọ, ọ̀gá á dúró lẹ́yìn ẹ̀, á máa wo ọwọ́ ẹ̀. Tó bá gé e já sí àyà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ló bàjẹ́.