Bí ìkórìíra àtayébáyé bá ń fa ogun abẹ́lé, kí ni wọ́n ń béèrè káàdì fún?

Kò sí ogun abẹ́lé kan tó máa bẹ́ sílẹ̀ kí ẹ má gbọ́ ọ: "Àwọn ẹ̀yà méjèèjì yẹn ti kórìíra ara wọn láti ayébáyé." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ẹni tó pín àdá, ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀, ẹni tó ní kí wọ́n dí ọ̀nà. Ohun tó ń bí ni nínú nípa àlàyé yìí ni pé àwọn tó ṣètò ìpànìyàn gan-an ló ń gbè.

Tó bá jẹ́ pé kí ẹ̀yà pọ̀ ló ń dá ogun sílẹ̀, Tanzania tí ẹ̀yà ibẹ̀ lé ní 120 ì bá ti tú ká. Kò tíì ja ogun abẹ́lé rí láti ọdún 1964 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní Sòmálíà ẹ̀wẹ̀, èdè kan àti ẹ̀sìn kan ló so èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ̀, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà fọ́ yángá lẹ́yìn tí wọ́n lé Siad Barre, ààrẹ rẹ̀, kúrò ní 1991. Èyí ò yẹ kó fa àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní, "Rwanda ńkọ́, níbi tí àwọn Hutu ti pa àwọn Tutsi nípakúpa ní 1994?"

Ó dáa, Rwanda náà nìyí. Èdè Kinyarwanda kan náà ni Hutu àti Tutsi ń sọ, orí òkè kan náà ni wọ́n kọ́lé sí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Ìjọba Belgium, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ló kọ ẹ̀yà sínú káàdì ìdánimọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1933. Nígbà tí òmìnira dé ní 1962, ìjọba tuntun ò pa á rẹ́. Ní oṣù Kẹrin 1994, káàdì yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó dúró ti igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà ń gbà wò. Bí wọ́n bá ti rí Tutsi níbẹ̀, ó parí. Ẹni tí kò rí káàdì mú jáde pàápàá wà nínú ewu. Ẹni tó ti kórìíra rẹ láti ìgbà àwọn baba ńlá rẹ̀, ṣé ó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ìwé kó tó mọ̀ ọ́?

Ẹ wo ìlú Butare náà. Òru ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfurufú Ààrẹ Habyarimana, ni ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Kigali, olú ìlú Rwanda. Kódà Agathe Uwilingiyimana, olórí ìjọba, tó jẹ́ Hutu, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Butare fi dúró. Jean-Baptiste Habyalimana, Tutsi tó ń ṣàkóso ẹkùn Butare, ò gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 ni wọ́n yọ ọ́ nípò. Ọjọ́ 19, Ààrẹ fìdíhẹ, Théodore Sindikubwabo, wá sí ìlú náà, ó bá àwọn tó ń sọ pé "kò kàn mí" wí, ó ní kí wọ́n kúrò lọ́nà fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí "iṣẹ́" túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ ogun dé, ìpànìyàn sì bẹ̀rẹ̀. Ní Nyakizu, lábẹ́ ẹkùn kan náà, wọn ò dúró dìgbà yẹn, torí pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣáájú wọn. Èèyàn kan náà, ẹkùn kan náà, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbi méjèèjì. Ẹni tó wà nípò ló yàtọ̀.

Bó ṣe ṣeé ṣe kíákíá bẹ́ẹ̀ ni pé ètò ti wà nílẹ̀. Gbogbo ilé mẹ́wàá ló ní olórí kan, nyumbakumi, tó mọ ẹni tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Umuganda, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ìjọba fi dandan lé, ti kọ́ gbogbo ènìyàn láti jáde bí wọ́n bá ti pè wọ́n. Ẹni tí kò bá jáde ń bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun náà ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó sì jáde lè rí màlúù tàbí ilẹ̀ ẹni tó kú mú.

Èyí ò ní kí a sọ pé ẹ̀yà ò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti pa Tutsi ní 1959 àti 1963, ogun tí RPF, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tí Tutsi tó wà nígbèkùn pọ̀ jù nínú rẹ̀, gbé wọlé láti Uganda ní oṣù Kẹwàá 1990 sì fi ẹ̀rù gidi sọ́kàn ọ̀pọ̀ Hutu. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀yà pín ipò àti iṣẹ́, ewu ogun máa ń pọ̀ sí i. Bóyá èyí tó ṣeé sọ ni pé ìbínú àtijọ́ lè ṣe igi ìdáná, ṣùgbọ́n kì í dá ara rẹ̀ tanná.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ máa ka iye ẹ̀yà. Ẹ wo ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò sílẹ̀, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìjà, àti rédíò tó ń pe èèyàn ní aáyán. Oṣù Keje 1993 ni rédíò RTLM bẹ̀rẹ̀ ní Kigali. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi gbọ́ ọ kí wọ́n tó dí ojú ọ̀nà.