Ọkà, ẹ̀kọ àti ìdánwò Council: ìmọ̀ oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìmọ̀ oúnjẹ nígbàkígbà tí ìdánwò Council, ìyẹn ìdánwò àṣejáde tí Nursing and Midwifery Council ń ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì, bá ku oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Aboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ń lo oògùn tí ó ní èròjà irin. Nínú tíì, mílíìkì àti omi ọsàn, èwo ni ó yẹ kí ó fi gbé oògùn náà mì? Gbogbo ọwọ́ ni ó máa ń nà sókè. Wọ́n mọ̀ pé omi ọsàn ni, wọ́n sì mọ̀ pé fítámì C inú rẹ̀ ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin náà. Nígbà náà ni mo máa ń bi wọ́n ní èkejì: aboyún yìí kan náà, tí ó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí kò ní owó ẹran lọ́wọ́, kí ni ẹ óò ní kí ó rà bí ó bá dé ọjà lọ́la? Ibẹ̀ ni kíláàsì ti máa ń pa lọ́lọ́.

Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Wọ́n kà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé ẹlòmíràn ni wọ́n kà nípa rẹ̀. Spinach, broccoli àti cottage cheese ni ó kún inú ìwé wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ni wọ́n fi dàgbà. Lójú tèmi, ohun tí ó ń mú kí ìmọ̀ oúnjẹ le fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju èyí lọ, nítorí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí oúnjẹ inú ìkòkò ilé rẹ̀ ń ṣe nínú ara kò nílò kí ó há tábìlì gígùn sórí.

Ẹ jẹ́ kí á dá aboyún wa lóhùn kí á tó kọjá. A máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ aboyún kò tó nígbà tí hemoglobin rẹ̀, èròjà tí ó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, bá wà lábẹ́ 11 g/dl, tàbí tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, bá wà lábẹ́ ìdá 33 nínú 100. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ ni kí ó rà. Irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kò rọrùn fún ara láti gbà bí ti inú ẹran àti ẹja, nítorí náà ni a ṣe ń fi èso tí ó ní fítámì C tẹ̀ lé e. Èso kajú, tí àwọn ọmọdé ìlú yìí ń fa omi rẹ̀ mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn àgbà kò sì kà sí nǹkan kan ju kóró ìdí rẹ̀ lọ, ní fítámì C nínú ju ọsàn lọ dáadáa. Tíì ni kí ó jìnnà sí oúnjẹ náà tó wákàtí kan ṣáájú àti lẹ́yìn, nítorí tannin inú rẹ̀ a máa di irin mú, kò ní jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn baba wa fi oúnjẹ ki ìlú yìí: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo fẹ́ràn oríkì yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó, mo máa ń rí i pé orí oúnjẹ afáralókun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ náà ni ó sì parí sí. Oúnjẹ afáralókun ni ìwé yín ń pè ní carbohydrate. Gíráàmù kan rẹ̀ ń fún ara ní agbára kílókálórì 4. Gíráàmù kan oúnjẹ amáradàgbà, ìyẹn protein, ń fún un ní 4 pẹ̀lú. Gíráàmù kan ọ̀rá ń fún un ní 9. Gíráàmù kan alcohol inú ọtí, tí kò ṣe ara lóore kankan, ń fún un ní 7. Nọ́ńbà mẹ́rin yìí nìkan ni mo gbà pé kí ẹ há sórí láìbéèrè ìdí, nítorí ìṣirò tí wọ́n ń gbé ka orí wọn kì í wọ́n nínú ìdánwò.

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín wa pé àmàlà, ìyẹn ọkà inú oríkì wa yìí, kò ní ṣúgà nínú, pé ó dúdú, kò sì dùn, nítorí náà alátọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ bí ó bá ṣe wù ú. Ní ọjọ́ kan mo gbé òṣùwọ̀n kékeré wá sí kíláàsì pẹ̀lú èlùbọ́ nínú àpò ọ̀rá, mo sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ bu iye tí ìyá rẹ̀ máa ń rò fún bàbá náà lálẹ́. Ó fi ife bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ronú díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Òṣùwọ̀n náà dúró sórí 250 gíráàmù. Nínú 100 gíráàmù èlùbọ́ gbígbẹ, nǹkan bí 80 gíráàmù ni ó jẹ́ afáralókun. Nítorí náà nǹkan bí 200 gíráàmù ni bàbá yẹn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, tí í ṣe kílókálórì 800, kí á tó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ẹran. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò di glucose, ìyẹn ṣúgà, nínú ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo èlùbọ́ yẹn. Èmi kò ní kí alátọ̀gbẹ má jẹ àmàlà mọ́, nítorí ìmọ̀ràn tí kò ṣeé tẹ̀ lé kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òkèlè kéré, kí ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja pọ̀ sí i, kí ó má sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ ni ó ń jẹ oúnjẹ púpọ̀.

Irú àṣìṣe yìí náà ni ti dírípù. Àwọn ìbátan aláìsàn a máa sọ fún yín pé ẹ ti ń fi dírípù bọ́ ọ, kò nílò oúnjẹ. Ẹ ṣe ìṣirò náà fún wọn: dextrose 5% tí ó jẹ́ lítà kan ní 50 gíráàmù ṣúgà nínú, èyí kò sì ju kílókálórì 170 sí 200 lọ. Ẹni tí ó gba lítà méjì láti àárọ̀ di alẹ́ kò tíì jẹ tó ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rí protein kankan gbà. Omi àti iyọ̀ ara ni dírípù ń tọ́jú, òun kọ́ ni oúnjẹ.

Ní ti oúnjẹ amáradàgbà, àwọn ìyá wa ti yanjú ìṣòro kan tí ìwé fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé. Protein inú àgbàdo kò ní lysine àti tryptophan tó, ìyẹn méjì nínú àwọn èròjà tí a fi ń kọ́ protein. Ti ẹ̀wà ní lysine púpọ̀, ṣùgbọ́n methionine, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, kò tó nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, tàbí tí ó fi àkàrà mu ògì, tàbí tí ó se àdàlú, ti fi èyí dí àlàfo ìyẹn. Bí ẹ bá rí complementary proteins nínú ìbéèrè, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni kí ó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ má bínú sí mi. Protein wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí kò ní tryptophan ni, nítorí náà aláìsàn tí egbò rẹ̀ kò jinná kò lè gbára lé e bí ó ṣe lè gbára lé ẹyin, ẹja tàbí wàrà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ògì ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí àwọ̀ wọn ń bó, tí oúnjẹ wọn kò sì ju àgbàdo lọ. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é, kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tí ó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ọmọ gbọ́dọ̀ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì máa fún un lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà, kí wọ́n po ẹ̀pà lílọ̀, sóyà tàbí edé lílọ̀ mọ́ ògì rẹ̀. Ọmọ kwashiorkor a máa wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè tóbi débi tí ìyá yóò fi rò pé ọmọ òun ń sanra. Ti marasmus, irú àìjẹunrekánú kejì, ni ó ń gbẹ, tí egungun ìhà rẹ̀ hàn, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ti arúgbó.

Ẹ kọ́ bí a ti ń wọn apá ọmọ dáadáa, nítorí mo ti rí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 59 ni a ń wọ̀n. Apá òsì ni. Ẹ ká apá náà ní ìgbọ̀nwọ́, ẹ wá àárín gbùngbùn láti orí egungun èjìká dé orí ìgbọ̀nwọ́, ẹ sàmì sí i, kí ẹ tó jẹ́ kí apá náà sọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ. Ẹ wá fi tẹ́ẹ̀pù yí ojú àmì náà ká, kí ó kan awọ ara láìfún un. Bí ó bá wà lábẹ́ 11.5 sẹ̀ǹtímítà, àìjẹunrekánú rẹ̀ ti le gan-an; láti 11.5 títí kan ibi tí kò tíì pé 12.5, àìjẹunrekánú wà, ṣùgbọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì, ìyẹn òdìkejì àtẹ́lẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jin kòtò lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ti le gan-an, ohun yòówù tí tẹ́ẹ̀pù ìbáà sọ.

Ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò fẹ́ràn láti fi dán yín wò, nítorí àánú máa ń ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà níbẹ̀. Ẹ kò ní kọ́kọ́ kó oúnjẹ líle fún un. Ẹ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní 50 ml omi glucose 10% bí ó bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ bò ó kí ó móoru. Lẹ́yìn náà ni F-75, mílíìkì tí a ṣe fún ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí 100 ml rẹ̀ ní kílókálórì 75, díẹ̀díẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án. F-100, irú mílíìkì náà tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ń bọ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Oògùn irin kò sí nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rárá, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kéré, nítorí ó lè mú kí àkóràn ara rẹ̀ le sí i.

Fítámì kò gba àlàyé púpọ̀. A, D, E àti K ń yọ́ nínú ọ̀rá, ara sì ń tọ́jú wọn pamọ́. Ìran B àti C ń yọ́ nínú omi, nítorí náà ẹni tí ó bá bọ ẹ̀fọ́, tí ó fún omi rẹ̀ dànù, ti da púpọ̀ nínú C rẹ̀ nù. Epo pupa tí a kò yọ́ di funfun ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, tí kò ní jẹ́ kí ojú ọmọ máa ṣókùnkùn lálẹ́. Àìtó iodine ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀. Àìtó niacin, ọ̀kan nínú ìran B, ni ó ń fa pellagra, àìsàn tí ó ń ba awọ ara jẹ́, láàárín àwọn tí àgbàdo nìkan ni oúnjẹ wọn.

Oúnjẹ tí ó dára fún ẹnì kan lè pa ẹlòmíràn, ibi tí ìbéèrè sì ti máa ń mú gan-an nìyẹn. Omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátò àti iṣu ní potassium púpọ̀, nítorí náà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ wọn. Bí yóò bá jẹ iṣu, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n sì da omi náà nù. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé sodium rẹ̀ kéré sábà máa ń ní potassium nínú, ẹ má sì fún aláìsàn kíndìnrín. Ní ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, iyọ̀ tí kò tó 5 gíráàmù lóòjọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan, ni a ń wí, mágí inú ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí ó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò ní láti sá fún ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kí iye tí ó ń jẹ lọ́sẹ̀ má máa yí padà, nítorí fítámì K inú rẹ̀ ń bá oògùn náà jà.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn ni ti bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní àná, tí ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọ wọ́ọ̀dù pé ebi ti pa á. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń yan pé kí nọ́ọ̀sì gbé ibùsùn rẹ̀ sókè kí ó sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Gbígbé e jókòó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ yẹ. Ẹ ó sọ fún ìyàwó náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè gbé nǹkan mì," kí ẹ tó yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò. Bí ó bá kùnà, ẹnu rẹ̀ kò ní kan oúnjẹ títí dókítà yóò fi dé, a sì lè fi rọ́bà gba imú rẹ̀ bọ́ ọ. Bí ó bá yege, ẹ̀kọ tí ó ki díẹ̀ sàn fún un ju èyí tí ó ń ṣàn bí omi lọ, apá ibi tí kò rọ ni kí ẹ fi í sí lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá jẹ ẹ́ tán.