RAM tó kún kọ́ ni ìṣòro

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ onírámù 4GB l'Ádó-Èkìtì, tí wọ́n sì fi Linux sí i kó lè yára, máa ń já láyà bí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ `free -h`, àṣẹ tó ń fi bí RAM ṣe rí hàn. Nínú 3.7Gi, wọ́n lè rí 180Mi péré lábẹ́ "free". Lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ti máa béèrè iye tí wọ́n ń ta RAM.

"Available" ló yẹ kí wọ́n wò, lápá ọ̀tún pátápátá, ìyẹn àyè tí ètò tuntun ṣì lè lò. Ó lè tó 2.0Gi níbẹ̀. Láti ẹ̀dà 3.14, lọ́dún 2014, ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ti ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó wá to "free" síwájú rẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Linux kì í fẹ́ kí RAM wà lásán. Fáìlì tó bá ti kà lórí dísíìkì, á fi ẹ̀dà rẹ̀ sí àyè tó ṣófo, bóyá wọ́n á tún bèèrè rẹ̀. Òun ni "buff/cache". Ẹ wo oníṣu tó pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo l'Ọ́jà Ọba: bí oníṣọ́ọ̀bù bá kó ẹrù dé, wéré ni oníṣu á palẹ̀ mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó tí kò tíì kọ sínú ìwé, ẹ ní láti jẹ́ kó kọ ọ́ tán kó tó dìde. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórí flash: ojú kọ̀ǹpútà lè sọ pé ó ti parí, kí èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ṣì wà nínú RAM. Ẹ tẹ `sync`, àṣẹ tó ń mú kí ó kọ ọ́ tán, tàbí kí ẹ yọ flash náà bó ṣe yẹ, kí fíìmù tí ẹ kọ sórí rẹ̀ má baà bà jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn pé ká máa fi `drop_caches`, tó ń da ẹ̀dà fáìlì wọ̀nyẹn nù, "fọ RAM" fi ń bíni nínú. Àwọn tó ń dán kernel wò ló wà fún. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ kàn ń rán kọ̀ǹpútà padà sórí dísíìkì lọ ka ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀wọ́n RAM gidi máa ń hàn: "available" á wálẹ̀ títí, "si" àti "so" nínú àṣẹ `vmstat 1` (ohun tó ń wọlé láti swap àti èyí tó ń jáde lọ síbẹ̀, ìyẹn àyè tí Linux ń kó nǹkan sí bí RAM kò bá tó) kò ní sinmi, eku kọ̀ǹpútà á sì máa rìn bí ẹni tó ń tòògbé. Bí kò bá sí ọ̀nà mọ́, OOM killer, apá kernel tó ń pa ètò bí RAM bá tán, á pa ètò tí `oom_score` (máàkì tí kernel fún un) rẹ̀ ga jù, tó sábà máa ń jẹ́ bíráwúsà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù kó tó dé. Lórí ẹ̀rọ 4GB, zram wúlò: dípò kó gbé nǹkan lọ sórí dísíìkì, ṣe ló ń fún un pọ̀ sínú RAM níbẹ̀. Fedora, ọ̀kan lára irú Linux, ti ń tan án fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 33, lọ́dún 2020. Lórí àwọn Linux mìíràn, ó lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi sí i.