Kí ló dé tí π kì í yí padà

Bí a bá yí okùn mọ́ agolo tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí a wọn okùn náà, tí a sì fi 10 pín ohun tí a rí, ó yẹ kó jẹ́ 3.14. Iye yìí, àyíká òbìrìkìtì tí a fi ìbú rẹ̀ pín, là ń pè ní π (páì). Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí okùn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2 yóò rí nǹkan bíi 3.20. Ẹni tó fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àyíká dáadáa, àmọ́ tí rúlà rẹ̀ kò gba àárín ẹnu agolo gan-an, tó wá ka ìbú sí 9.9, yóò rí 3.17. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé π agolo yàtọ̀ sí ti táyà, tàbí pé "mẹ́ta àti díẹ̀" lásán ni, kò ní iye gidi kan. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo okùn yẹn dáadáa. Nígbà tí a bá yí i mọ́ agolo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kan agolo á fún pọ̀, ẹ̀gbẹ́ òde á nà. Àárín ìnípọn rẹ̀ nìkan ni kì í fún tí kì í sì í nà. Àárín yìí fi mìlímítà kan jìnnà sí ara agolo ní ọ̀tún, ó sì tún fi ọ̀kan jìnnà sí i ní òsì. Òbìrìkìtì tí okùn wọn gan-an, sẹ̀ǹtímítà 10.2 ni ìbú rẹ̀, àyíká rẹ̀ sì jẹ́ 32.04. Bí a bá ti fi ìnípọn okùn kún ìbú kí a tó pín in, 3.14 dé. Ọ̀nà tó tún dára jù ni ká sàmì sí etí agolo, ká yí i gbirigbiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní ìgbà mẹ́wàá láìjẹ́ kó yọ̀, ká wọn gbogbo ibi tó rìn, ká wá fi 10 pín in kí a lè rí àyíká kan. Àṣìṣe mìlímítà kan nínú wíwọn náà á di ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Ìdí tí π fi dúró sójú kan kò le. Gbogbo òbìrìkìtì, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Bí a bá sọ ọ̀kan di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún, ìbú rẹ̀ á di ìlọ́po márùn-ún, àyíká rẹ̀ náà á di ìlọ́po márùn-ún. Tí a bá wá fi ọ̀kan pín èkejì, márùn-ún àti márùn-ún á pa ara wọn rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni bí a ṣe mọ iye tó jẹ́ láìwọn agolo kankan. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, ará ìlú Syracuse, ló ṣe é ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Kò wá iye náà ní tààrà. Ó mú un bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹ̀mú mú irin: apá kan ẹ̀mú láti inú, apá kejì láti òde. Apá inú ni onígun mẹ́fà tí a yà sínú òbìrìkìtì, tí àwọn góńgó rẹ̀ kan etí. Àyíká onígun mẹ́fà yìí jẹ́ ìbú òbìrìkìtì lọ́nà mẹ́ta géérégé, nítorí náà π ju 3 lọ. Apá òde ni onígun mẹ́fà tó yí òbìrìkìtì ká, 3.4641 ni tirẹ̀, nítorí náà π kò tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ń fún ẹ̀mú náà mọ́ra. Ó sọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà di 12: π bọ́ sí àárín 3.1058 àti 3.2154. Ní 24, ó wà láàárín 3.1326 àti 3.1597. Ní 48, 3.1394 àti 3.1461. Ní 96, 3.1410 àti 3.1427. Gbogbo ìgbà tí iye ẹ̀gbẹ́ bá di ìlọ́po méjì, àlàfo tó kù máa ń dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Archimedes kò sì ní irú nọ́ńbà oní-pọ́ìǹtì tí a kọ sókè yìí. Ìdá ló ń lò. Níbi tó ti nílò gbòǹgbò 3 (nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 3 la ó rí), ó ní ó ju 265/153 lọ, kò sì tó 1351/780. Bó bá jẹ́ apá inú ló ń ṣírò, á gé nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ apá òde, á gbé e sókè, kí π má bàa yọ́ bọ́ láàárín. Ọgbọ́n tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn lójú tèmi: ó sọ iye tó rí, ó sì tún sọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ kò lè kọjá.

Àbájáde rẹ̀ ni pé π ju 3 àti 10/71 lọ, kò sì tó 3 àti 1/7. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn: 3 àti 1/7 ni 22/7! Ìdá tí wọ́n ń kọ́ ọmọ pé "òun ni π", òun gan-an ni Archimedes fi hàn pé π kò tó. Ó dára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, torí pé òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, mìlímítà 1.26 péré ló fi lé. Bí ìbú bá di ti ayé, kìlómítà 12,742, ó ti fi kìlómítà 16 ṣìnà. Zu Chongzhi, onímọ̀ ìṣirò ní Ṣáínà, ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi, mú 355/113 wá. Lórí ìbú ayé kan náà, mítà 3.4 ni tirẹ̀ fi lé.

Ohun tó tún ń da ọ̀pọ̀ rú ni pé àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́ìǹtì kò lópin, wọ́n wá rò pé iye náà kò tíì dúró. Ó ti dúró. 1/3 náà, 0.333… kò lópin, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ìdá mẹ́ta ń yí padà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé onímọ̀ ìṣirò Johann Lambert fi hàn ní 1761 pé kò sí ìdá kankan tó lè jẹ́ π géérégé. Kọ̀ǹpútà tó bá rí nọ́ńbà tuntun níwájú kò lè ṣí èyí tó ti wà lẹ́yìn nípò.

Atakò kan ṣoṣo tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti orí bọ́ọ̀lù. Bí a bá ya òbìrìkìtì sí agbedeméjì bọ́ọ̀lù, tí a sì wọn ìbú rẹ̀ lórí ara bọ́ọ̀lù láti etí kan gba góńgó òkè dé etí kejì, 2 la ó rí dípò 3.14. Òótọ́ ni. Àmọ́ π jẹ́ ti òbìrìkìtì orí ilẹ̀ títẹ́jú, nọ́ńbà sì ni, kò dúró de bọ́ọ̀lù. A lè rí i láìya òbìrìkìtì rárá: 1 dín 1/3, fi 1/5 kún un, yọ 1/7, fi 1/9 kún un, bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀nà yìí lọ́ra púpọ̀. Lẹ́yìn ìdá 500,000, nọ́ńbà márùn-ún péré lẹ́yìn pọ́ìǹtì ló tíì dúró. John Machin lo ọ̀nà tó bá a tan àmọ́ tó yá jù ú lọ, ó sì fi rí 100 nọ́ńbà ní 1706.