Ìjánu ni báyáàsì, kì í ṣe ojúsàájú

Kí ni ká pe báyáàsì ("bias") inú ampilifáyà onítúùbù, ẹ̀rọ tó ń fi gílóòbù gíláàsì gbé ohùn orin sókè, ní Yorùbá? Ẹni tó pè é ní "ojúsàájú", ìwé atúmọ̀ èdè ló ṣí, kò ṣí ampilifáyà. Adájọ́ tó bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan ló ṣe ojúsàájú. Ta ni túùbù fẹ́ gbè sẹ́yìn rẹ̀? Àwọn mìíràn ní "ìtẹ̀sí". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ kò wúlò fún ẹni tó di mítà lọ́wọ́.

Ìjánu ni mo ń pè é. Ẹ wo ẹṣin alágbára tí ẹni tó gùn ún kò tíì fẹ́ kó sáré. Kò jọ̀wọ́ ìjánu sílẹ̀, kò sì fà á débi tí ẹṣin ò fi ní lè gbẹ́sẹ̀. Ó fà á níwọ̀n, kí ẹṣin lè máa rìn jẹ́jẹ́, kó sì gbéra lójú ẹsẹ̀ tó bá ní kó máa lọ. Fọ́ltì nẹ́gẹ́tíìfù orí gírìdì, wáyà bí àwọ̀n inú túùbù, nìyẹn: òun ló ń kó àwọn ẹlẹ́tírọ́ònù tó ń ti kátódì (ibi tí wọ́n ti ń jáde) lọ sí pléètì (ibi tí wọ́n ń já sí) níjàánu kí orin tó wọlé. Ẹ fà á jù, ohùn á ha, pàápàá tí orin bá rọlẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ jù, pléètì á pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ.

Wọ́n ní ìjánu ti di ti ọkọ̀. Ṣé torí pé ọkọ̀ yá a lò ni ẹlẹ́ṣin ò ṣe ní í mọ́? A máa ń fa ìjánu, a máa ń dẹ̀ ẹ́, ìjánu sì máa ń já. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ampilifáyà àtijọ́. Ta ló lè fa ojúsàájú?

Fífà rẹ̀ rèé. Wáàtì 25 ni pléètì EL34, irú túùbù ńlá kan, lè gbà. Ẹ mú un sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn wáàtì 17.5. Tí pléètì bá ní fọ́ltì 450, ó di mílíámpù 39 fún túùbù kan. Ẹ jó rẹsístọ̀ óòmù 1 sáàárín kátódì àti ṣásí, egungun irin ampilifáyà. Mílífọ́ltì 1 lórí mítà, mílíámpù 1 nìyẹn. Iná tí gírìdì kejì inú túùbù ń gbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Kí iná inú kapásítọ̀ ńlá, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti tán pátápátá kí ọwọ́ tó wọ inú ampilifáyà.

Jíjá rẹ̀ ló ń pa túùbù. Kapásítọ̀ oníwèé tó so túùbù kékeré mọ́ gírìdì máa ń jò tó bá gbó, á wá máa da fọ́ltì pọ́sítíìfù lé ìjánu lórí. Ẹ yọ àwọn EL34, ẹ fi túùbù kékeré sílẹ̀, ẹ tan iná, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ 5 (ti gírìdì) ní ojú ihò túùbù méjèèjì. Èyí tí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ bá fi fọ́ltì mélòó kan dín sí ti èkejì, kapásítọ̀ rẹ̀ ń jò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kapásítọ̀ tó ń bọ́ ìjánu fúnra rẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù rẹ̀ ló ń lọ sí ṣásí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sódì nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ kapásítọ̀ ìyókù inú ampilifáyà, nẹ́gẹ́tíìfù wọn ló wà ní ṣásí. Èyí tí wọ́n bá fi sódì á gbóná, á bẹ́, ìjánu á sì lọ.

Bọ́tìnnì tí a fi ń yí ìjánu (pọtẹnṣiómítà) náà lè ṣá, kí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ má fara kan ara rẹ̀ mọ́. Ẹ so rẹsístọ̀ kílóóòmù 100 láti ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ tí nẹ́gẹ́tíìfù ti ń wọlé. Tí àárín bá ṣá, ìjánu á fà le dípò kó já, túùbù á sì tutù.