Ṣé àárín nìkan ni acceleration ohun tó ń yípo máa ń kọjú sí?

Bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ léèrè pé níbo ni acceleration ohun tó ń yípo (bí eré rẹ̀ tàbí ibi tó dojú kọ ṣe ń yí padà) kọjú sí, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn pé àárín ni. Ó ti há a sórí, ó sì ti fi gba máàkì. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, bí eré ohun náà bá dúró sójú kan. Bí eré náà bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ààbọ̀ tó kù ni wọ́n ń pè ní tangential acceleration, èyí tó kọjú sí ojú ọ̀nà tí ohun náà ń gbà.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ìyípo tí eré rẹ̀ kì í yí padà ni olùkọ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìyẹn gan-an sì ṣòroó gbà fún ọmọ: báwo ni ohun tí eré rẹ̀ kò pọ̀ tí kò dín ṣe fẹ́ ní acceleration? Ó ní in, torí ibi tó dojú kọ ń yí padà ní gbogbo ìgbà, bíi ti ọkọ̀ tó ń yí ráńdábáòtù tí aago tó ń ka eré rẹ̀ dúró gbọin lórí 30. Christiaan Huygens, ará Netherlands, ló ṣírò bó ṣe tó ní 1659, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1673: fi eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o wá fi rédíọ́ọ̀sì ìyípo náà (láti àárín dé etí) pín in. Ọmọ á bá èyí jà títí yóò fi yé e, inú rẹ̀ á dùn, á wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fáànù òkè àjà. Ká ní apá rẹ̀ gùn tó mítà 0.7 láti àárín dé ṣóńṣó, tó sì ń yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan bó bá ti sáré dé ojú ẹ̀. Wọ́n mú iná dé, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kó eré náà jọ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣóńṣó apá yẹn á máa sá mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti òdo dé 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, 2.2 ló ń bọ́ sí eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tangential acceleration rẹ̀ nìyẹn. Kò bá àárín lò rárá. Ojú ọ̀nà tí ṣóńṣó náà ń gbà ló kọjú sí, mọ́tò inú fáànù ló sì ń fún un.

Wo ìgbà tí apá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mira. Eré rẹ̀ ṣì jẹ́ òdo, nítorí náà èyí tó kọjú sí àárín jẹ́ òdo pẹ̀lú. Gbogbo acceleration tó ní lásìkò yẹn, ti ojú ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ní àárín nìkan ló wà kò ní lè sọ bí fáànù kankan ṣe gbéra.

Bó ti ń yí lọ, ti àárín ń dàgbà kíákíá. Ohun kan wà níbí tó máa ń dùn mọ́ mi. Bí ohun kan bá gbéra láti ìdúró, tí eré sì ń bọ́ sí i bákan náà, àwọn méjèèjì máa ń dọ́gba nígbà tó bá ti yí ìdajì rádíánì, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 29. Fáànù kékeré ni o, ńlá ni o, kíá ló gbéra ni o, jẹ́ẹ́ ni o, ibẹ̀ náà ni. Kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan péré tán, ti àárín á ti lé ní ìlọ́po 12 ti ojú ọ̀nà. Bí fáànù tiwa bá dé ojú ẹ̀, ti àárín á ti di nǹkan bíi 690, ìlọ́po 70 acceleration òkúta tó ń já bọ́. Ti ojú ọ̀nà á wá di òdo, torí eré kò pọ̀ sí i mọ́. Àwọn kan rò pé bí èyí bá ti di òdo, ìyípo tán nìyẹn. Rárá o! Ìyípadà eré ló tán, eré ṣì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá mú iná lọ (wọn á sì mú un lọ), ti ojú ọ̀nà tún yọjú, àmọ́ ẹ̀yìn ló kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí, ó ń gba eré lọ́wọ́ apá náà.

Àtakò tó dáa jù tí mo mọ̀ ni ti kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn so mọ́ okùn tó ń fì yípo. Ṣebí okùn kò lè ṣe ju kó fa kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ ọwọ́ lọ. Báwo wá ni eré ṣe ń pọ̀? Wo ọwọ́ náà dáadáa. Kì í dúró sójú kan. Òun náà ń ya róbótó kékeré tirẹ̀, ó sì máa ń ṣíwájú kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Okùn kò tọ́ka sí àárín gan-an mọ́, ó dagun síwájú, ìdagun bíńtín yẹn ló sì ń fi eré kún eré. Bó bá jẹ́ ìṣó tó dúró gbọin lo so okùn mọ́, lórí tábìlì tó ń yọ̀, kò sí bí ìṣó ṣe lè mú kọ́kọ́rọ́ yẹn yára sí i.

Ti jangirọ́fà ló tún ya èèyàn lẹ́nu jù. Ká ní okùn rẹ̀ fì dé dígírì 30 kí ọmọ orí rẹ̀ tó padà wá. Ní òpin lọ́hùn-ún, ọmọ náà dúró fún bí ìṣẹ́jú akàn, ti àárín jẹ́ òdo, àmọ́ acceleration rẹ̀ lójú ọ̀nà jẹ́ 4.9, ìdajì ti ohun tó ń já bọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti ń sáré jù, ti ojú ọ̀nà jẹ́ òdo, ti àárín nìkan ló kù, kò sì ju nǹkan bíi 2.6 lọ, bó ti wù kí okùn náà gùn tó.