Sẹ́ẹ̀lì T, abà iṣu, àti òrùka tí kì í pín

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìjùmú ń ní 200 iṣu nínú abà lọ́dọọdún. Iye yẹn kò sọ bóyá èbù tó rà lọ́jà Kábà ló fi ń dípò èyí tó jẹrà, tàbí iṣu tirẹ̀ ló ń gé gbìn. Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara wa, rí bẹ́ẹ̀.

Mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá, táímọ́ọ̀sì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ló ń tọ́ wọn. Ìdánwò ibẹ̀ le: èyí tí kò dá nǹkan mọ̀ yóò kú, èyí tó fẹ́ bá ara jà náà yóò kú. Nínú 100, ó lé ní 90 tí kì í jáde. Láti ìgbà èwe ni táímọ́ọ̀sì sì ti ń súnkì, tí ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T kì í tán lára àgbàlagbà.

Ìṣirò rẹ̀ kò gùn:

ìyípadà N = w + pN − kN

N ni iye sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì pàdé àrùn. W ni èyí tó ń wọlé láti táímọ́ọ̀sì, bí èbù tí àgbẹ̀ rà lọ́jà. P ni bí wọ́n ṣe ń yára pín, bí iṣu tirẹ̀ tó ń gé gbìn. K ni bí wọ́n ṣe ń kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé w kékeré pẹ̀lú p ńlá lè mú iye kan náà wá bíi w ńlá pẹ̀lú p kékeré. Kíkà lásán kò ràn án.

Òrùka kan ló tú u. Nínú táímọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì máa ń gé DNA rẹ̀, ìyẹn okùn ìtọ́ni àjogúnbá inú rẹ̀, kó lè mọ ohun tí yóò fi dá ọ̀tá mọ̀. Èyí tó gé kúrò á ká di òrùka, TREC lorúkọ rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín, òrùka kì í pín: ọmọ kan á gbà á, èkejì á lọ lọ́wọ́ òfo. Ó dà bí ẹni tó fi ọ̀dà sàmì sí èbù tó rà: gé e sí méjì, ẹyọ kan ló máa ní ọ̀dà.

Ní 1998, ìwádìí fi hàn pé TREC inú sẹ́ẹ̀lì T ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ó rọrùn láti ní táímọ́ọ̀sì nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá kàn dẹ́kun ríra, tí kò gbin tirẹ̀, iṣu á dín, èyí tó kù á sì ṣì ní ọ̀dà. Ó dìgbà tó bá ń gé tirẹ̀ gbìn kí aláìlọ́dà tó pọ̀.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, lo omi wíwúwo (omi tí háídírójìn rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán, tó ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì tuntun) pẹ̀lú ìṣirò yìí. Lára eku, táímọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá pèsè gbogbo sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì pàdé àrùn. Lára àgbàlagbà ènìyàn, pípín ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Pípín kì í sì í mú irú tuntun wá. Abà lè kún, ṣùgbọ́n irú iṣu tó ti parun níbẹ̀ kì í padà bí kò bá sí èbù láti ìta.